Ariwo Tí Ládiméjì Pa Lábẹ́ Omi

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ni nínú yín tó mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa sọ pé, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́"? Ẹ rò pé nítorí àwọn olófòófó ni, àbí? Èmi náà ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Irọ́ ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan pàtó wà tí ọ̀ràn náà bá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ládiméjì ló sì ni ín. Ẹ sún mọ́ mi kí n sọ bó ṣe rí. Ẹ lè rẹ́rìn-ín níbi tó bá ti pa yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ fi àánú díẹ̀ sí i, torí ọkùnrin náà kábàámọ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàìsàn.

Ládiméjì yìí, iṣẹ́ tó ṣe jẹun ni pé ó máa ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Ẹni tó jókòó sílé, tí kò dé pápá rí láyé, bó bá ti gbọ́ ohùn Ládiméjì, á rí koríko, á rí òógùn tó ń ṣàn lójú aṣọ́lé. "Ó gbà á! Ó yí i! Ó ń bọ̀ o! Ó ń bọ̀ o! Ó ti wọlé o!" Bó ṣe máa ń ké nìyẹn, àwọn èèyàn á sì fò lórí àga wọn. Nígbà tó wá fẹ̀yìn tì, wọ́n gba ẹ̀rọ tó fi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gba ẹnu. Ó gbé iṣẹ́ náà wálé. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń gé ilá, á dúró tì í: "Ìyá Fèyí ti mú ọ̀bẹ, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ilá kan ti fẹ́ yọ́ lọ, wọn ò gbà fún un o!" Bó bá wà nílé ìwẹ̀, ó ń ròyìn ọṣẹ.

Ìyàwó rẹ̀, Tinúọlá, ilé ìkàwé lòun ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ìka ni wọ́n ń fi sí ètè bí wọ́n bá fẹ́ bá èèyàn wí. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: tìtorí ohùn ọkùnrin yẹn ló ṣe fẹ́ ẹ. Nígbà ọmọge rẹ̀, kò mọ ohunkóhun nípa bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n á ti etí bọ rédíò bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn àtọ̀run. Ṣùgbọ́n ohùn tó dùn létí títí bọ́ọ̀lù fi parí, bó bá wá di ti òwúrọ̀ títí dalẹ́, tó di ti ọdún dé ọdún, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Tinúọlá ní ohun kan tó ń wù ú. Nínú ìwé kan ní ilé ìkàwé ló ti rí àwòrán ẹja ńlá kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ń ju apá méjèèjì nínú omi bí ẹni tó ń gbọn ẹní kó tó tẹ́ ẹ fún àlejò. Ẹja ẹní ni àwọn ará etí òkun ń pè é. Ìwé náà sọ pé bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí òkun bá dákẹ́, ẹja náà a máa kọjá lẹ́bàá erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Etí-Ẹfun. Àtìgbà tí oyún Fèyíkẹ́mi, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti wà nínú rẹ̀ ló ti ń sọ ọ́ pé òun á lọ wo ẹja yìí lọ́jọ́ kan. Bí ọdún bá yí, nǹkan mìíràn á dé. Ọjọ́ tí Ládiméjì fẹ̀yìn tì ló wá sọ fún un pé, "Bàbá Fèyí, n ò tọrọ aṣọ lọ́wọ́ yín rí, n ò tọrọ wúrà. Ẹ mú mi lọ sí Etí-Ẹfun."

Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí. Wọ́n di ẹrù, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Ládiméjì ròyìn ìgbì, ó ròyìn ẹyẹ, ó ròyìn fìlà awakọ̀, títí awakọ̀ náà fi tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ kí ariwo ẹ̀rọ lè bo ti Ládiméjì. Bí wọ́n ṣe yára dé nìyẹn.

Etí-Ẹfun kò tóbi. Bí èèyàn bá gbé ìrẹsì kaná, á rìn yí i po kí ìrẹsì tó jinná. Iyanrìn rẹ̀ funfun, igi àgbọn tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú omi, omi náà sì mọ́ gaara débi pé bí owó ẹyọ bá bọ́ sí i, wàá mọ ẹ̀gbẹ́ tó fi lélẹ̀. Àwọn àlejò a máa sùn nínú abà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, afẹ́fẹ́ òkun á sì máa fẹ́ wọn bí abẹ̀bẹ̀. Nígbà tí Tinúọlá tẹ ẹsẹ̀ bọ omi náà, ó kàn mí kanlẹ̀ ni. Ládiméjì ní tirẹ̀ ní, "Ìyá Fèyí ti tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ omi! Ti òsì ń bọ̀ lẹ́yìn!"

Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin òmùwẹ̀ kan tó ń jẹ́ Túyì, ọmọ Ìlàjẹ, wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wo ìsàlẹ̀ omi. Ó fún wọn ní gíláàsì tó bo ojú àti imú, ó fún wọn ní bàtà rọ́bà tó rí bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ó sì fún wọn ní ọ̀pá rọ́bà kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ pé ìdí rẹ̀ ń bẹ lẹ́nu, orí rẹ̀ ń bẹ lókè omi, òun lèèyàn á fi máa mí bó bá dojú bolẹ̀ lórí omi.

Túyì ní, "Bàbá, imú yín ti wà ní àtìmọ́lé báyìí. Ẹnu nìkan ló kù. Ẹ fi eyín di rọ́bà yìí mú, kí ẹ fi ètè pa á mọ́, bí ọmọ tuntun ṣe ń di ọmú mú. Ẹ mú ẹnu yín, ẹ mú ètè yín. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín."

Ládiméjì bi í pé, "Títí dìgbà wo?"

"Títí ẹ ó fi jáde."

"Ṣé kò sí ìsinmi àárín eré ni?"

Túyì wo Tinúọlá. Tinúọlá wo òkun.

Túyì tún béèrè pé, "Ṣé eyín yín le dáadáa, bàbá?"

Ládiméjì fọwọ́ sọ àyà. "Bí òkúta!" Ẹ jọ̀ọ́, eyín iwájú rẹ̀ lókè kì í ṣe tirẹ̀. Dókítà ló ṣe é fún un, alaalẹ́ ló sì máa ń bọ́ ọ sínú ife. Tinúọlá la ojú mọ́ ọn. Ládiméjì ṣẹ́jú sí i pé kó má tú òun fó.

Ni wọ́n bá wọ ibi tí omi kò ti ju orókún lọ. Tinúọlá dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó léfòó jẹ́ẹ́ bí ewé. Ládiméjì dojú bolẹ̀ tirẹ̀, ó rí alákàn. "Wo alákàn!" Omi òkun rọ́ wọlé. Ó húkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó rí ẹja kékeré kan tó ń sá fún òjìji rẹ̀. "Ó ń sá lọ!" Omi tún wọlé. Iyọ̀ tó jẹ níbẹ̀ tó se ọbẹ̀ àríyá. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ń lè pa ẹnu dé fún ìgbà díẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn bí ọmọdé tó mọ kẹ̀kẹ́ í gùn.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tinúọlá jókòó tì í lórí iyanrìn.

"Bàbá Fèyí, mo fẹ́ bẹ̀ yín."

"Sọ ọ́, Tinú."

"Tí a bá dé ibi tí ẹja yẹn ń gbà kọjá lọ́la, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ojú tèmi náà rí i. Gbogbo ohun tí mo rí láyé yìí, ẹnu yín ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí mo bí Fèyíkẹ́mi, kí n tó gbé orí sókè, ẹ ti ń sọ fún mi bí imú rẹ̀ ṣe rí."

Ládiméjì yíjú sí i. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìyàwó òun tó báyẹn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Mo gbọ́. N ò ní sọ gbólóhùn kan." Ó sì tọkàn sọ ọ́. Ohun tó ń dunni nínú ìtàn yìí nìyẹn: ọkùnrin náà kò purọ́.

Ilẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ kékeré kan gbé wọn lọ sídìí àpáta tó wà lójú òkun. Túyì ló ń tukọ̀. Àwọn tó kù ni tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, àti ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, tó jẹ́ pé ibi tó bá jókòó sí lọkọ̀ ń tẹ̀ sí.

Túyì kìlọ̀ fún wọn. "Ẹja ẹní kò fẹ́ ariwo. Bó bá gbọ́ ọ, ó ti lọ nìyẹn. Ohun kejì: ohun kan ń bẹ tó máa ń léfòó lójú omi, ó ń dán, ó ń gbọ̀n bí ẹ̀kọ tútù. Ó ń jóni bí iná. Ẹni tó bá dojú bolẹ̀ jẹ́ẹ́ á rí i, á sì yà fún un. Ẹ má ṣáà gbé ojú sókè láìwo ibi tí ẹ ń gbé e sí."

Wọ́n wọ omi. Tinúọlá di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìsàlẹ̀ omi yẹn lẹ́wà! Àwọn ẹja kan pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ, àwọn kan ní ìlà gbọọrọ dúdú àti funfun, àwọn mìíràn kéré, wọ́n pọ̀, wọ́n ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ẹnìkan ń pàṣẹ fún wọn. Koríko òkun ń mì lọ, ó ń mì bọ̀. Kò sí ohùn kankan àfi èémí tìrẹ fúnra rẹ. Ládiméjì rí gbogbo rẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Ó ń ròyìn rẹ̀ nínú ọkàn ni. Ọ̀rọ̀ ń pọ̀ sí i lọ́hùn-ún, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, ó ń mú ẹnu, ó ń mú ètè. Mo sọ fún yín, ó gbìyànjú.

Ibi tí Tinúọlá ti kọjú sí apá òsì, tó ń wo àwọn ẹja kéékèèké tó ń jẹ lára àpáta, ni ẹja ẹní bá yọ lápá ọ̀tún.

Ládiméjì rí i. Ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn abà wọn lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ funfun, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, kò kánjú, bí ẹni pé òun ló ni òkun. Bó bá jẹ́ pé Ládiméjì fọwọ́ tẹ ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ péré, tí obìnrin náà bá yíjú, ayọ̀ ni ìtàn yìí ìbá já sí. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bọ̀ náà ń bọ̀ bí agbábọ́ọ̀lù tó ti kọjá gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn, tó ku òun àti aṣọ́lé. Iṣẹ́ tó ti ṣe láti ìgbà èwe ló fa ọ̀fun rẹ̀ ya. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ Tinúọlá.

"Ó ń bọ̀ o! Ó ń bọ̀ lápá ọ̀tún o!"

Ọ̀pá rọ́bà jáde. Eyín dókítà tẹ̀lé e. Òkun wọlé. Ládiméjì ta ṣònṣò dìde, ó fa gíláàsì kúrò lójú, ó la ẹnu wá afẹ́fẹ́, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ohun tó ń gbọ̀n bí ẹ̀kọ tútù yẹn ti ń dúró dè é jẹ́jẹ́. Ó lẹ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, gbàmù! Igbe tí ọkùnrin náà ké, ẹyẹ orí àpáta tú.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé gbé orí sókè. "Kí ló ń bọ̀? Bàbá, kí ló ń bọ̀?"

Ládiméjì rí i pé ẹ̀rù ti ba wọn, ó sì fẹ́ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé, "Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe ekurá!" Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ń bẹ lọ́fun, eyín kò sí lókè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń wú. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà rì. Ìparí rẹ̀ nìkan ló léfòó:

"...EKURÁ!"

Ekurá, ẹja tó ń gé ènìyàn jẹ! Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé kò fi ọwọ́ kan omi mọ́ tó fi dé ìdí ọkọ̀. Bó ṣe gun ẹ̀gbẹ́ kan ni ẹ̀gbẹ́ kejì dìde tó gbé Túyì jù sómi. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé gun ọkọ rẹ̀ lórí bí ẹni gun igi àgbọn, ọkọ náà ń ké lábẹ́ rẹ̀ pé òun náà fẹ́ gun nǹkan. Àwọn tó wà létíkun gbọ́, wọ́n fi fèrè sẹ́nu, wọ́n ta àsíá pupa.

Tinúọlá yíjú padà nígbà náà. Iyanrìn tó rú sókè nìkan ló rí. Nígbà tí iyanrìn wá rọlẹ̀, ó rí ọ̀pá rọ́bà nísàlẹ̀, ó sì rí eyín ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹja kékeré kan dúró níwájú eyín náà, ó ń wò ó bí ẹni tó ń dúró de ìdáhùn.

Wọ́n gbé Ládiméjì dé etíkun. Nọ́ọ̀sì da ọtí kíkan sí i lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ti gbèrò tirẹ̀. Ó wú bí búrẹ́dì inú ààrò, ojú òsì sá wọ inú lọ. Ọ̀gá tó ń ṣọ́ etíkun dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ rọra sọ fún mi. Kí lẹ rí?"

Ládiméjì kó gbogbo agbára rẹ̀ jọ. "Hì í he ekulá."

Ọ̀gá náà gbójú sókè. "Ó tún sọ ọ́. Ekurá ni."

Ládiméjì mi orí kíkankíkan. Ó na apá méjèèjì gbọọrọ, ó ń jù ú bí ẹja ẹní.

"Yéè! Ó gùn tó báyìí?"

Ládiméjì gbá iyanrìn mọ́lẹ̀, ó fi ìka yàwòrán ẹja náà sílẹ̀: ara fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ìrù tín-ín-rín. Àwọn èèyàn pagbo yí i ká. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Ìrù yẹn gan-an ni mo rí. Díẹ̀ ló kù kó fi nà mí." Kò rí nǹkankan o.

Tinúọlá dá sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Kì í ṣe ekurá. Ẹja ẹní lọkọ mi rí. Òun la wá wò."

"Ẹ̀yin náà rí i, ìyá?"

Ẹni tí kì í purọ́ ni obìnrin náà. "Rárá. N ò rí i."

Ọ̀gá náà ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ ká gba ti ẹni tó rí i." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ti òkun pa, tòun ti eyín Ládiméjì nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ omi mọ́ títí àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò yóò fi dé láti ìlú ńlá, nígbà tí wọn yóò sì fi dé, ìgbì á ti padà, ẹja ẹní á ti kọjá lọ.

Bí ìsinmi wọn ṣe rí nìyẹn. Láràárọ̀, Tinúọlá á lọ jókòó sídìí igi àgbọn, á máa wo omi tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Ládiméjì á gbé omi àgbọn wá fún un, á rọra gbé e kalẹ̀, á lọ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. Ilé dákẹ́, òde dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ti ń wu obìnrin náà láti ọdún pípẹ́ wá dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú rẹ̀ ló fẹ́. Èyí tó fẹ́ ni ti ẹni méjì tó jọ ń wo nǹkan. Èyí tó rí gbà ni ti ẹni méjì tí kò lè wo ara wọn lójú. Lọ́jọ́ kan, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú Ládiméjì. Tinúọlá wò ó títí, ó ní, "Ẹ má sunkún, Bàbá Fèyí. Iyọ̀ ni omijé, á tún jó yín lẹ́rẹ̀kẹ́." Ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún fún un.

Ọjọ́ tí wọ́n ń padà, nígbà tí erékùṣù ti kéré lẹ́yìn ọkọ̀, Tinúọlá kò yíjú sí i, ó kàn béèrè pé:

"Ẹ̀yin tí ẹ rí i. Báwo ló ṣe rí?"

Ẹ gbọ́ o. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, obìnrin yìí kò bi í rí pé kó ròyìn nǹkan fún òun. Ọ̀rọ̀ kún inú Ládiméjì, ọ̀rọ̀ tó dùn, tó péye, tó tọ́ sí ẹja náà. Ó la ẹnu. Itọ́ ló jáde. Ó tún un là. "Ó hẹ̀... ó hẹ̀ bí..." Ó pa á dé. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè níwájú ìyàwó rẹ̀, ó jù wọ́n sókè díẹ̀díẹ̀, ó jù wọ́n sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tinúọlá ń wo ọwọ́ náà.

"Ó rọra tó bẹ́ẹ̀?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà kọjú sí omi. Kò sọ pé òun ti dárí jì í, kò sì sọ pé òun ò dárí jì í.

Fèyíkẹ́mi ti ń dúró dè wọ́n ní èbúté. Bó ṣe rí bàbá rẹ̀, ó kígbe tí gbogbo èbúté fi yíjú. "Yéè! Dádì! Ta ló gbá yín létí? Mọ́mì, kí lẹ fi nà wọ́n?"

Gbogbo ojú wá sára Tinúọlá. Àgbàlagbà obìnrin kan pàtẹ́wọ́, ó ní, "Nǹkan dé! Ọkùnrin ńlá báyìí!" Bàbá àgbà kan tó ń tún àwọ̀n ẹja rẹ̀ ṣe sọ ọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ìyá, bí ọkọ bá ṣẹ̀, a kì í ṣe é báun."

Ládiméjì fẹ́ gbèjà ìyàwó rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó la ẹnu láti sọ pé kì í ṣe ìyàwó òun. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ìparí ọ̀rọ̀ yẹn á já sí. "Hììyàwó mi!" Bàbá alàwọ̀n ní, "Ẹ gbọ́? Ó ní ìyàwó òun ni!"

Tinúọlá yára fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó wo ẹnu tí kò léyín náà. Ó wo ètè tí itọ́ ń bọ́ lára rẹ̀. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tó yọ bí òkè. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, omijé sì bá a jáde, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ nù. Ó ní, "Fèyí, ẹ̀yin ará èbúté, kò sẹ́ni tó nà wọ́n. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Bàbá alàwọ̀n tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí, ó gbé e relé. Láti ilé rẹ̀ ló ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn àgbà. Wọ́n gbàgbé òkun, wọ́n gbàgbé ekurá tí kò sí níbẹ̀ rárá, wọn kò sì mọ̀ nípa ẹja tí obìnrin kan kò rí. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló ṣẹ́kù. Nítorí náà, bí àgbà kan bá sọ ọ́ sí yín létí, ẹ rántí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ládiméjì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà kò pariwo. Kò tú àṣírí. Kò ké sí ẹnikẹ́ni pé nǹkan ń bọ̀. Aládùúgbò ẹnu ló kàn jẹ́, ó sì jókòó jẹ́ẹ́ sílé ara rẹ̀ tí iná fi jó o. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.